Fìlà kíbọ́ọ̀dù márùn-ún láti ara ìwo, igi, igbá àgbọn, idẹ àti amọ̀: ti amọ̀ ń fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́

ỌmọOnígbá (Ọ̀yọ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà 25 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Nínú lẹ́tà tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù tí à ń rà lọ́jà, márùn-ún ni kì í ṣe tiwa: C, Q, V, X àti Z. Ẹ wá ka ohun tí a nílò tí kò sí níbẹ̀: Ẹ, Ọ, Ṣ, àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè. Márùn-ún náà ni! Lálẹ́ ọjọ́ tí mo rí i pé iye méjèèjì dọ́gba, oorun dá lójú mi. Mo fi ètò orí kọ̀ǹpútà pààrọ̀ wọn: Q di Ẹ, Z di Ṣ, X di Ọ, C di àmì ìsàlẹ̀, V di àmì òkè. Ìyẹn kò le. Ojú bọ́tìnnì ló ṣì ń pe ara rẹ̀ ní Q. Mo lẹ stíkà mọ́ ọn, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi ṣí.

Mo wá pinnu láti ṣe fìlà tuntun fún wọn. (Fìlà ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pe ìdérí tí ìka ń tẹ̀ lórí bọ́tìnnì, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.) N kò sì fẹ́ fi ike ṣe é. Ilé tí wọ́n ti ń fín igbá ni wọ́n bí mi sí. Mo fẹ́ kí ìka mi mọ̀ pé òun ti dé orí lẹ́tà wa, bí mo tilẹ̀ dijú.

Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí nìyí.

Ẹ ni mo fi ìwo màlúù ṣe. Mo gbà á lọ́wọ́ alápatà kan, mo fi ayùn gé e ní pẹlẹbẹ, mo sè é nínú omi híhó fún ìdajì wákàtí, mo sì fi fáìsì fún un mọ́ àárín pákó méjì títí ó fi tutù. Nígbà tí mo tú fáìsì, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Sáńdípépà 220 tó rí gbágungbàgun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha á, mo bá a dé 2000 tó kúnná. Dúdú ni, ilà kan tó dà bí èéfín sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo fín Ẹ sí i, mo fi ẹfun kún ojú fínfín náà gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe ń kún ojú igbá.

Ṣ ni mo fi igi apá ṣe. Ó pupa, ó le, ó dùn ún wò. Mo fi dírílì àti ọ̀bẹ kékeré gbẹ́ ihò alágbèélébùú sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́, níbi tí yóò ti jókòó sórí súwíìṣì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó wọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì mo gbọ́ "pàá", ẹsẹ̀ náà sì là sí méjì. Mo ti gbẹ́ mẹ́fà. Mẹ́rin ló là.

Ọ ni igbá àgbọn. Igbá àgbọn kò nípọn tó ohun tí a lè gbẹ́ odidi fìlà nínú rẹ̀, nítorí náà mo gé pẹlẹbẹ kan, mo sì fi gúlùù lẹ̀ ẹ́ sórí fìlà ike tí mo ti fi fáìlì ha orí rẹ̀ kúrò. Òun nìkan ni kò dà mí láàmú.

Àmì ìsàlẹ̀ ni idẹ, torí mo rò ó pé ohùn tó wúwo, nǹkan tó wúwo ló yẹ ẹ́. Ìda oyin ni mo fi ọwọ́ mi gbẹ́, alágbẹ̀dẹ kan ládùúgbò wa sì bá mi da idẹ sí i. Ihò rẹ̀ há. Mo fi agbára tẹ̀ ẹ́ wọlé, nígbà tí mo sì fẹ́ yọ ọ́, inú súwíìṣì bá a jáde.

Àmì òkè ni amọ̀. Mo ti sun mọ́kànlá. Kò sí ìkankan tó kù. Àwọn kan là nínú iná, àwọn kan kéré jù nígbà tí wọ́n jáde, èyí tó kẹ́yìn lo ọjọ́ méjì lórí kíbọ́ọ̀dù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Baba_Kọ̀ǹpútà (Ìbàdàn)

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, ọwọ́ rẹ á máa ròkè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń fi kálámù kọ àmì sórí bọ́tìnnì. N kò rí ẹni tó fi ìwo ṣe é rí.

Ohun tó ń dà ọ́ láàmú nínú ti igi àti ti idẹ, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni. Àgbélébùú tó wà lórí súwíìṣì rẹ, ilé iṣẹ́ Cherry ti Jámánì ló gbé irú rẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe súwíìṣì ní Ṣáínà lónìí sì ń tẹ̀lé ìwọ̀n kan náà. Apá àgbélébùú náà gùn tó nǹkan bíi mílímítà 4. Sísanra rẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 1.3 ní ọ̀nà kan, 1.1 ní ọ̀nà kejì. Ṣé o rí i pé wọn kò dọ́gba? Bí o bá gbẹ́ ihò méjèèjì bákan náà, ọ̀kan á há, èkejì á máa mì. Láàrin èyí tó wọ̀ dáadáa àti èyí tó là, gbogbo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ìdámẹ́wàá mílímítà kan lọ. Ọwọ́ ènìyàn kò lè máa rí ìyẹn mú nínú igi ní gbogbo ìgbà, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó. Ògiri ihò yẹn fúnra rẹ̀ kò sì nípọn tó mílímítà kan, bẹ́ẹ̀ ibi tí okun igi bá sùn sí ló ti máa ń là.

Nítorí náà, má gbẹ́ ihò mọ́. Wá fìlà ike àtijọ́, gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́, kí o wá rì í mọ́ inú igi. Ṣùgbọ́n ṣọ́ irú ike tí o máa mú. Méjì ló wọ́pọ̀, ABS àti PBT. ABS máa ń dán bí ọwọ́ bá ti ń nù ún lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n gúlùù ń mú un dáadáa. PBT kì í tètè dán, gúlùù kì í sì í fẹ́ mú un. ABS ni kí o lò, kí o sì fi sáńdípépà ha ẹsẹ̀ náà kó rí gbágungbàgun kí o tó lẹ̀ ẹ́. Bí o kò bá mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, kán asitóònù, èyí tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná, sí abẹ́ rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. ABS á rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. PBT kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Nǹkan mìíràn tí o kò tíì sọ: Q wà ní ìlà òkè, Z, X, C àti V wà ní ìlà ìsàlẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù, ìlà kọ̀ọ̀kan ní gíga àti ìdagẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Fìlà W ni kí o fi díwọ̀n Ẹ rẹ, má fi ti Ṣ díwọ̀n rẹ̀. Láti àárín bọ́tìnnì kan dé àárín èkejì jẹ́ mílímítà 19.05, nítorí náà bí ìdí fìlà rẹ bá ti kọjá 18 díẹ̀, á máa fẹnu gbo ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

ỌmọOnígbá (Ọ̀yọ́)

Ẹ ṣé gan-an ni, bàbá. Ọ̀rọ̀ 1.3 àti 1.1 yẹn là mí lójú. Dọ́gbadọ́gba ni mo ń gbẹ́ ẹ láti ọjọ́ yìí.

Ṣùgbọ́n kí n sọ òtítọ́ fún yín, ó ń dùn mí láti fi ike sínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí igi jẹ́ igi délẹ̀.

Baba_Kọ̀ǹpútà (Ìbàdàn)

Ọkọ́ tí àwọn baba wa fi ń roko, irin ni ojú rẹ̀, igi ni èrúkọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé kì í ṣe ọkọ́. Ibi tí ọwọ́ ti ń kàn án ni kó jẹ́ igi. Ibi tó ti ń kọ́ mọ́ ẹ̀rọ, jẹ́ kó jẹ́ ohun tí ẹ̀rọ mọ̀.

Alágbẹ̀dẹ_Idẹ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Baba ti sọ ti ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti idẹ, torí iṣẹ́ mi ni.

Àbúrò, nígbà tí idẹ bá tutù nínú mọ́ọ̀dù, ó máa ń sún kì. Bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ihò á fẹ̀ sí i torí pé ara idẹ sún kúrò níbẹ̀. Rárá o, ihò náà ń kéré pẹ̀lú rẹ̀. Mú ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ti mílímítà 4, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdámẹ́wàá tí Baba wí. Ohun tó há mọ́ ọ lọ́wọ́ nìyẹn. Bí o bá ń gbẹ́ ìda, sọ gbogbo rẹ̀ di ńlá díẹ̀, má sì gbẹ́ àgbélébùú sínú ìda rárá. Gbẹ́ ihò roboto kan, kí o wá ri ẹsẹ̀ ike síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo náà wà níbẹ̀. Ike ABS fi díẹ̀ wúwo ju omi lọ. Idẹ wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ àti ààbọ̀. Fìlà ike kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù kan lọ, idẹ tí o bá dà ní ìwọ̀n kan náà á tó mẹ́jọ. Súwíìṣì tí agbára rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 45 á gbé e, ṣùgbọ́n kò ní yára gbé e padà sókè, ìka rẹ á sì mọ̀ ọ́n lára. Jẹ́ kí inú rẹ̀ ṣófo dáadáa. Nígbà tí o bá ń gbẹ́ ìda, jẹ́ kó fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin níbi tó bá lè fẹ́lẹ́ dé, kí o sì bi ẹni tí yóò dà á bóyá iná rẹ̀ gbóná tó láti sáré kún ibi fífẹ́lẹ́.

Ẹni tó bá ń yọ́ idẹ ní ẹ̀yìnkùlé, jọ̀ọ́, ṣọ́ èéfín funfun tó ń jáde lára rẹ̀. Síǹkì tó wà nínú idẹ ló ń jóná bẹ́ẹ̀. Bí o bá fà á símú lọ́sàn-án, ibà á gbé ọ lálẹ́, ara rẹ á máa gbọ̀n. Ó ti ṣe mí rí nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Ìta gbangba ni kí ẹ ti máa ṣe é, kí ẹ dúró sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà ìda yìí náà ni wọ́n gbà da àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938. Mo ti dúró níwájú díẹ̀ nínú wọn ní mùsíọ́ọ̀mù, ẹ̀yìn gíláàsì. Ẹni tó dà wọ́n mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n ń sọ nípa fífẹ́lẹ́ yìí, ó mọ̀ ọ́n dójú àmì. Ó wú mi lórí pé ọ̀nà kan náà la fẹ́ fi ṣe àmì ìsàlẹ̀ tí a máa fi kọ orúkọ Ifẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà.

Ìbéèrè kan fún ỌmọOnígbá: bí C, X, V àti Z bá ti di lẹ́tà mìíràn, báwo lo ṣe ń da ọ̀rọ̀ kọ? Ctrl+C ńkọ́? Bí o bá sì fẹ́ kọ Victor tàbí Zainab ńkọ́?

ỌmọOnígbá (Ọ̀yọ́)

Ìbéèrè gidi ni. Ètò bọ́tìnnì inú Windows ni mo tún kọ. Lẹ́tà tí bọ́tìnnì ń kọ jáde ló yí padà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ṣì mọ bọ́tìnnì yẹn sí C bí mo bá di Ctrl mú. Nítorí náà àdàkọ àti ìlẹ̀mọ́ ń ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Fún Victor, mo ń di bọ́tìnnì AltGr mú, V á sì jáde.

Ìdí tí mo fi ya àmì ohùn sọ́tọ̀ dípò kí n wá àyè fún ọ̀, ọ́, ẹ̀, ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ni pé nínú Unicode, ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, Ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ (U+1EB8), Ọ ní tirẹ̀ (U+1ECC), Ṣ ní tirẹ̀ (U+1E62), ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ní láti kọ́kọ́ tẹ ọ, kí àmì tó wá gun orí rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́tà ṣáájú, àmì tẹ̀ lé e. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ìka mi fi mọ̀ ọ́n.

Ará_Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ kú iṣẹ́ o, mo ń gbádùn yín láti ibí. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá ìyá mi fi ẹ̀gbà eyín erin kan sílẹ̀, ó ti là sí méjì, ó wà nílé ní Abẹ́òkúta. Ṣé ènìyàn lè fi í ṣe fìlà kó sì fi ránṣẹ́ sí mi? Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ máa rí lójoojúmọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe dán an wò. Láti 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES, èyí tó wà lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, ti fẹnu kò láti dá òwò eyín erin dúró láàrin orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ wà, òfin eyín erin tí wọ́n ṣe ní 2018 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, ó sì le. Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfúrufú, kí ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbà náà wà nílé bó ṣe wà.

Bí funfun rẹ̀ lẹ bá ń fẹ́, eegun itan màlúù dára gan-an. Ẹ sè é, ẹ fá ọ̀rá inú rẹ̀ kúrò, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, torí ọ̀rá tó bá kù nínú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ ìyeyè lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ má fi búlíìṣì fọ̀ ọ́, búlíìṣì ń jẹ eegun. Háídrójìn pẹrọ́sáìdì ti kẹ́mísìtì ni kí ẹ fi sọ ọ́ di funfun.

Ará_Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Mo gbọ́, mo dúpẹ́. Á wà nílé. ỌmọOnígbá, bí o bá fi eegun ṣe Ẹ kan fún mi, mo máa rà á.

ÌyáAláró (Abẹ́òkúta)

Èmi kì í fi igi ṣe é, rẹ́sìnì (ohun olómi tó ń le bí ike) ni mo ń dà, adìrẹ ni mo sì ń fi sí inú rẹ̀. Mo ti ṣe tó ogójì fún àwọn ọmọ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tó ti ná mi lówó, kó má bàa ná ẹlòmíràn.

Irú rẹ́sìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní polyurethane. Ó yá, ìdajì wákàtí ni ó fi ń le. Ṣùgbọ́n omi ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ó bá gba ìrì lára, afẹ́fẹ́ á yọ nínú rẹ̀, á máa hó bí ọṣẹ. Lóṣù keje ọdún kan, òjò ò dá, mo da méjìlá, gbogbo wọn wú bí àkàrà. Láti ìgbà náà, ẹ̀pọ́síì, irú rẹ́sìnì mìíràn, ni mo ń lò nígbà òjò. Ó ń pẹ́, odidi ọjọ́ kan kó tó le, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù ojú ọjọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìbọ̀wọ́ ni kí ẹ máa wọ̀ sí i. Ara àwọn kan ń gbà á fún ọ̀pọ̀ oṣù, lọ́jọ́ kan ṣoṣo ó di èéyún sí wọn lọ́wọ́, kò sì ní lọ mọ́ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tún fọwọ́ kàn án.

Irú ìbọ̀wọ́ wo? Kì í ṣe ti rọ́bà funfun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò. Sọ́fọ̀ (imí ọjọ́) wà nínú rẹ̀, sílíkónì tó dára tí a fi ń ṣe mọ́ọ̀dù, èyí tí platinum ń mú dì, kì í sì í dì bí sọ́fọ̀ bá kàn án. Mọ́ọ̀dù mẹ́ta ni mo sọnù kí n tó mọ̀. Ojú ibi tí ọwọ́ mi ti kàn án ń lẹ̀ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́, ìyókù dì dáadáa. Ìbọ̀wọ́ nitrile, èyí tó sábà máa ń jẹ́ búlúù, ni kí ẹ rà.

Bí ẹ bá fẹ́ fi aṣọ sínú rẹ̀: ẹ sá a gbẹ, ẹ tún lọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ̀pọ́síì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i lójú lẹ́yìn kí ẹ tó da ìyókù. Àárín òwú ni atẹ́gùn ń sá pamọ́ sí. Aṣọ òkè burú jù fún èyí, òwú rẹ̀ ki, á máa tú atẹ́gùn jáde bí ẹja. Adìrẹ ẹlẹ́kọ lórí aṣọ fẹ́lẹ́ ló gbà fún mi jù. Mo gé ojú kan tó ní ẹyẹ, tó kéré tó èékánná àtàǹpàkò, mo sì fi rẹ́sìnì bò ó. Bí ìmọ́lẹ̀ bọ́tìnnì bá tàn lábẹ́ rẹ̀, aró náà máa ń dúdú wọnú, ẹyẹ á sì dá yọ.

Baba_Kọ̀ǹpútà (Ìbàdàn)

Ìyá, ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ sọ́fọ̀ yẹn, èmi náà kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti eruku kún un. Eruku ìwo, ti eegun àti ti igbá àgbọn kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ti igi ìrókò tún ń yún ènìyàn lára, ó ń fa ikọ́. Ẹ máa fi omi sí sáńdípépà, kí eruku di ẹrẹ̀ dípò kó fò. Ẹ sì wọ ìbòmú.

Amọ̀kòkò_Ìlọrin

Kò sẹ́ni tó tíì dá ọmọ yìí lóhùn lórí amọ̀, ohun tó sì bá wá gan-an nìyẹn.

Mọ́kànlá kì í ṣe iye tó ń ba ni lẹ́rù nínú iṣẹ́ wa, àbúrò mi. Amọ̀ nìkan ló wà nínú tìrẹ, àbí? Bí amọ̀ bá dá wà, ó máa ń sún kì púpọ̀ ni, á sì là. Wá àpáàdì, gún un, jọ̀ ọ́ nínú asẹ́ aṣọ kó kúnná bí èlùbọ́, kí o pò ó mọ́ amọ̀, àpáàdì ọwọ́ kan sí amọ̀ ọwọ́ mẹ́rin. Àpáàdì ti rí iná rí, kò ní sún kì mọ́, òun ni yóò di ìyókù mú.

Lẹ́yìn náà, kí o tó ṣe fìlà kankan, tẹ́ amọ̀ náà pẹlẹbẹ, fa ìlà tó gùn ní mílímítà 100 sójú rẹ̀, jẹ́ kó gbẹ, sun ún, kí o wá tún ìlà náà wọ̀n. Ká ní ó di 90. Ó túmọ̀ sí pé fìlà tí o fẹ́ kó jẹ́ 18 nígbà tó bá jáde, 20 ni kí o mọ ọ́n. Gbogbo amọ̀ ló ní tirẹ̀, má gba tẹlòmíràn lò.

Gbígbẹ ńkọ́? Má sá a sóòrùn. Inú ilé, lábẹ́ ike tí o lu ihò sí, fún ọ̀sẹ̀ kan. Omi tó bá kù nínú amọ̀ nígbà tó bá wọ iná á di ooru, ooru náà á wá ọ̀nà jáde, òun ló ń fọ́ ọ. A máa ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò: bí ó bá tutù sí ọ lẹ́rẹ̀kẹ́, omi ṣì wà nínú rẹ̀.

Má mọ ẹsẹ̀ sí i. Mọ ọ́n bí àwo kékeré tó dojú dé, ògiri rẹ̀ kó tó mílímítà 3. Bó bá jáde nínú iná, fi ẹ̀pọ́síì Ìyá kún inú rẹ̀, kí o sì gbé ẹsẹ̀ ike Baba sí àárín kó tó le. Ẹ̀pọ́síì á mu wọnú ihò amọ̀, méjèèjì á di ara kan náà.

ỌmọOnígbá (Ọ̀yọ́)

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gún àpáàdì. Odó ìyá mi ni mo lò, ó sì ti ní kí n ra òmíràn fún òun. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

ỌmọOnígbá (Ọ̀yọ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo lò, ẹ má bínú.

Amọ̀ tèmi sún kì láti 100 dé 92. Mo mọ mẹ́fà, mo sun mẹ́fà, márùn-ún jáde láìlà! Àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹ̀gbẹ́ kan dúdú níbi tí èéfín ti bà á. N kò nù ún kúrò. Ẹsẹ̀ ike wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀pọ́síì. Mo ti fi kọ ìwé tó gùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, àmì òkè sì pọ̀ nínú Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé kò sí èyí tí mo tẹ̀ tó o nínú márààrún. Kò mì.

Idẹ ni a tún dà pẹ̀lú ihò roboto. Tàkọ́kọ́ jẹ́ gíráàmù 9, èyí jẹ́ 5. Mo fi súwíìṣì tó le, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 60, sí abẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ó máa ń tutù lọ́wọ́ bí òkúta odò, tó bá di ọ̀sán ó ti gba ooru ìka mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ ewé létí, òógùn ọwọ́ mi ni. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń nù ún, mo sì máa ń fi omi ṣàn án.

Mo gbé kíbọ́ọ̀dù náà lọ bá bàbá mi. Kì í lo kọ̀ǹpútà. Mo ní kí wọ́n dijú, mo fi ìka wọn sórí bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ ìwo, wọ́n mọ idẹ, wọ́n mọ igbá àgbọn kí n tó sọ. Nígbà tí wọ́n dé orí Ẹ, wọ́n fi àtàǹpàkò wá inú fínfín náà lọ, wọ́n wá bọ̀, wọ́n ní ẹnu ọ̀bẹ mi wọlé jù lápá òsì, pé n kò pọ́n ọn dáadáa. Òótọ́ ni. Mo ti sè ìwo mìíràn, ó wà nínú fáìsì báyìí.

Èyí tó kàn ni bọ́tìnnì àlàfo, tó gùn tó mílímítà 118. Igi apá ni mo fẹ́ lò. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ọyẹ́ ń bọ̀.

Baba_Kọ̀ǹpútà (Ìbàdàn)

Gé e ní sísanra ju bí o ṣe fẹ́ lọ, kí o gbé e sí inú yàrá tí kíbọ́ọ̀dù wà fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí o tó gbẹ́ ẹ dójú ìwọ̀n. Jẹ́ kí okun igi lọ ní gbọọrọ, láti ọ̀tún sí òsì, torí igi kì í gùn sí i, fífẹ̀ ló ń fẹ̀. Epo tí o bá fi pa orí rẹ̀, pa á sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀gbẹ́ kan á gba ìrì ju èkejì lọ, á sì tẹ̀. Má lo epo pupa, òróró tàbí òrí, wọn kì í gbẹ. Epo linseed ti àwọn akunlé ni kí o lò. Àkísà tí o bá fi nù ún, tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, má rún un jọ sínú garawa. Ó lè gbiná fúnra rẹ̀.

Ará_Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ bá mi kí bàbá. Mo ṣì ń retí Ẹ eegun mi. Kí o kọ́kọ́ pọ́n ọ̀bẹ o.

ỌmọOnígbá (Ọ̀yọ́)

Eegun náà ti wà nínú omi ọṣẹ láti àná. Bàbá mi ló máa fín tiyín, wọ́n ti gbé ọ̀bẹ wọn jáde.